Ọ̀sán Tí Mo Di Bàbá Nọ́ọ̀sì Kan ní Yábàá

Òórùn ọ̀dà tuntun ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí yàrá náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé alájà kan lẹ́yìn ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábàá, ọ̀dà ọ̀hún ò tíì gbẹ dáadáa, òórùn ẹ̀ sì dàpọ̀ mọ́ ti mítípáì tí wọ́n kó sínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Fáànù ń yí lókè, ooru ló ń fẹ́ sí wa lára. Títí dòní, ibi yòówù kí n wà, tí ọ̀dà bá ti rùn sí mi nímú báyìí, àyà mi á já. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ àga ni mo ṣe dàgbà ní Ojúẹlẹ́gba, mò ń fi fóòmù àti lẹ́dà bo àga fún èèyàn, àga kì í sì í bá èèyàn tàkúrọ̀sọ. Ọmọ ọmọ mi ló ní kí n sọ eléyìí, òun ló sì ń kọ ọ́, torí èmi ò mọ̀wé.

Dókítà obìnrin kan ló mú mi débẹ̀. Ó háyà yàrá lókè ilé mi ní Súrùlérè, àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀, tí orí wọn dàrú, ló ń tọ́jú. Lọ́jọ́ kan lórí àtẹ̀gùn, ó sọ fún mi pé òun ń kọ́ àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́, nọ́ọ̀sì, dókítà, àtàwọn tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn, bí wọ́n á ṣe máa tọ́jú obìnrin tí ọkọ ń lù nílé. Ó ní ìwé nìkan ò lè kọ́ wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é bí ẹní ń ṣeré, kí ẹnìkan ṣe ìyàwó, kí ẹnìkan ṣe bàbá ìyàwó tó sá wálé, kí àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí wọ́n bá fi ṣe bàbá, ẹ̀rín ló máa ń rín.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa bá wa ṣe bàbá yẹn."

"Kí ni mo fẹ́ wí níbẹ̀?"

"Ẹ má wí nǹkan kan sà. Bẹ́ ẹ ṣe máa ń jókòó yìí ti tó. Ẹ̀rù yín ń ba èmi tí mò ń sanwó ilé déédéé, ká má tíì sọ àwọn yẹn."

Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo dé fìlà, mo tẹ̀ lé e.

Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ ṣe ọmọ mi, Muṣin ló ti wá, obìnrin pẹ̀lẹ́bẹ́ kan báyìí, aláwàdà. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn ló wọ̀ nínú ooru yẹn, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń múra ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ni. Bó ṣe rí mi báyìí, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Bàbá mi tuntun! Ẹ bí mi tán, ẹ ò wá mi wá látọjọ́ yìí. Gbogbo ìwé tí mo kà, ta ló sanwó ẹ̀?"

"Lọ bi ìyá ẹ," ni mo dá a lóhùn.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, mo rò pé iṣẹ́ tí mo wá ṣe ò le.

Wọ́n to àga. Èmi jókòó, nọ́ọ̀sì jókòó lọ́wọ́ òsì mi. Ọ̀gbẹ́ni kan tó so táì ló kọ́kọ́ dìde nínú àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi títí táì ẹ̀ fi ń gbálẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. A gbọ́ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ láàrin ọmọ yín àti ọkọ ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣe jẹ́?" Mo sọ ohun tí Dókítà kọ́ mi, pé ọkọ ẹ̀ lù ú, ó sá wálé. Ọ̀gbẹ́ni yìí dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó bá mi kẹ́dùn, ó ní ṣé ọ̀rọ̀ yìí ò mú ẹ̀jẹ̀ mi ru? Ó fẹ́ máa lọ. Dókítà pàtẹ́wọ́ kan ṣoṣo.

"Ọ̀gá, ta lẹ wá tọ́jú?"

Ó wò mí, ó wo nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì bá juwọ́ sí i bí ẹní ń dá ọkọ̀ dúró. "Ẹ ǹlẹ́ o. Èmi rèé. Èmi ni wọ́n lù."

Ariwo ẹ̀rín sọ. Ṣùgbọ́n bí àwọn yòókù ṣe ń wá níkọ̀ọ̀kan, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á kúnlẹ̀ fún mi, wọ́n á bi mí. Èyí tó bá rántí bá obìnrin yẹn sọ̀rọ̀, ẹnu ẹ̀ á wà lọ́dọ̀ obìnrin, ojú ẹ̀ á wà lọ́dọ̀ mi, bí ẹní ń tọrọ àyè. Dókítà wá ṣàlàyé fún wọn pé ibẹ̀ gan-an lòun ń bọ̀. Ó ní wọ́n kọ́ gbogbo yín nílé dáadáa, ẹ ò lè fo àgbà kọjá kẹ́ ẹ bá ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé yẹn ló jókòó lé ẹnu obìnrin yìí. Kò bá wọn jà. Wọ́n ń mi orí, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi náà ń rò ó lọ́kàn mi, torí kò sẹ́ni tó sọ irú ẹ̀ níwájú mi rí.

Dókítà yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ wá sọ ohun tí bàbá máa ń sọ tó bá fẹ́ kí ọmọ ẹ̀ padà sílé ọkọ."

Mo ti jókòó nínú ìpàdé ẹbí láìmọye ìgbà, mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wọn kì í pariwo. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀, mo ní, "Mo ti gbọ́ ẹ. Jẹun, bọ́jú ẹ, kó o máa lọ kílẹ̀ tó ṣú."

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu nọ́ọ̀sì nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí mo parí ẹ̀, ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sí lójú mọ́. Ó yọ̀ kúrò lórí àga. Mo gbọ́ bí orúnkún ẹ̀ ṣe dún mọ́ táìlì ilẹ̀. Ó fọwọ́ méjèèjì di ṣòkòtò mi mú.

"Bàbá, ẹ má dá mi padà. Ẹ jọ̀ọ́. Áyọ́ọ̀nù ló tún gbé. Ó ní ojú ló kàn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́ mi o, gbogbo yàrá yẹn pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹnìkan tiẹ̀ ní, "Háà, ẹ wá gbé nọ́ọ̀sì yìí sínú fíìmù!" Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Bó ṣe ń fa ṣòkòtò mi, ọwọ́ aṣọ ẹ̀ ti ká sókè, mo sì rí apá ẹ̀. Àmì áyọ́ọ̀nù ni, ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó, ìdí ẹ̀ fẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wà lára aṣọ tí télọ̀ bá fi áyọ́ọ̀nù jó. Ọ̀kan ti dúdú, ó ti pẹ́. Èkejì ṣì pupa, ó ń ṣomi. Ìka ẹ̀ tutù bíi yìnyín lórí ẹsẹ̀ mi. Mo kàn nawọ́, mo fa aṣọ yẹn padà bo apá ẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń bo ìhòòhò ọmọ ẹ̀, mo sì wojú Dókítà. Mi ò mọ ohun tó rí lójú mi. Ó ké pé, "Ẹ dákẹ́! Eré ti tán!" Àtẹ́wọ́ yẹn ò dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń kú lọ, ìyẹn sì burú sí mi létí ju kí wọ́n máa pa á lọ.

Ẹ wá rò ó wò. Àwọn tí iṣẹ́ wọn nìyẹn ló kún inú yàrá, ohun tí wọ́n wá kọ́ ló wà nílẹ̀ níwájú wọn yìí, gbogbo wọn sì dúró sójú kan bí igi. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Òmíì gbé mítípáì wá fún un. Onítáì yẹn yọ fóònù.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ fún mi ní nọ́ńbà ọkọ yín, kí n bá a sọ ọ́. Ó yẹ ká gbọ́ tẹnu ẹ̀ náà. Ṣebí òun ló gbé mínírà wá fún gbogbo wa lánàá? Èèyàn jẹ́jẹ́ ni."

Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn, pé kéèyàn gbọ́ tọ̀tún kó gbọ́ tòsì. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì figbe ta. "Ẹ má pè é! Ó ti ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti parí báyìí, ó ń bọ̀ wá gbé mi!"

Dókítà gba fóònù lọ́wọ́ onítáì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì olówó ńlá tó wọ̀. "Kí lo fẹ́?" ló bi í. Nọ́ọ̀sì ń wò ó bí ẹni tí ò gbédè. Dókítà ò tún bi í, kò sì fi nǹkan kan kún un. Ó kàn ń dúró. Nígbà tó pẹ́, obìnrin yẹn sọ ọ́, ohùn ẹ̀ kò jù báyìí lọ, "Mi ò fẹ́ wọ mọ́tò yẹn lónìí."

"Ọmọ ẹ ńkọ́?"

"Ó wà ní lẹ́sìn, ní Ìdí-Orò. Èmi nìkan ni wọ́n máa gbé e fún."

"Ṣó o fẹ́ ká jọ lọ mú un?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé sọ̀kalẹ̀, òun, Dókítà àti nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ márúwá. Ibi tí wọ́n gbé obìnrin yẹn àti ọmọ ẹ̀ lọ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò bèèrè nígbà yẹn, mi ò sì mọ̀ ọ́n títí dòní. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ló dáa.

Wọ́n ní kí n dúró de ẹni tó máa gbé mi délé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì nísàlẹ̀, lẹ́bàá géètì. Kò pẹ́ ni mọ́tò kan tó mọ́ tónítóní páàkì. Ọkùnrin kúkúrú kan sọ̀kalẹ̀, ó wọ gíláàsì, ó gbé sílípáàsì obìnrin kan dání. Bó ṣe fojú kàn mí, ó fi sílípáàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nà gbalaja sínú eruku. Kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi ìka kan ilẹ̀ o. Àyà ẹ̀ wà nílẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, bàbá wa. Mo wá gbé ìyàwó mi ni, nọ́ọ̀sì ni. Mo mú sílípáàsì dání fún un, bàtà tó wọ̀ jáde yẹn máa ń há a lẹ́sẹ̀."

Àdúrà ti dé ẹnu mi. Ọlọ́run ni mo fi ṣẹlẹ́rìí, ó ti dé orí ahọ́n. Mo wá gbé e mì. Mo kàn jókòó. Ó wà nílẹ̀, ó ń retí kí n ní dìde. Láyé mi, mi ò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, bó ti wù ká jọ jà tó.

"Bàbá, mò ń kí yín o."

Ó gbórí sókè díẹ̀díẹ̀, mo sì rí i nígbà tí ojú ẹ̀ yí padà. Kò le ojú o. Ó kàn dà bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ nínú ilé. Ó dìde, ó gbọn eruku, ó ń wo fèrèsé òkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ohùn tútù bi mí, "Ta lẹ ń gbé ìyàwó mi pamọ́ fún?"

Ẹsẹ̀ ni mo gbọ́ lórí àtẹ̀gùn. Onítáì ni. Ẹ̀rù bà mí pé ó máa dọ̀bálẹ̀ fún un, kó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ àná. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró sẹ́nu àtẹ̀gùn.

"Wọn ò sí níbí sà. Wọ́n máa pè yín tó bá wù wọ́n."

"Ṣó o mọ̀ pé ìyàwó mi ni?"

"Mo mọ̀ sà." Kò yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Ọkùnrin yẹn wo àwa méjèèjì. Ẹ̀rín wá yọ lójú ẹ̀. Ó tún dọ̀bálẹ̀ fún mi, bó ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀kínní gẹ́lẹ́, kò dín rárá, ó mú sílípáàsì ẹ̀, ó lọ.

Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́ padà níbòmíì, pé apá ẹ̀ ti jinná, ọmọ sì ti ń sùn dòwúrọ̀. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń já mi láyà, tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe apá tó jóná yẹn. Òun ni pé tó bá jẹ́ ilé mi ní Súrùlérè ni obìnrin yẹn sá wọ̀ láìjẹ́ kí n rí apá ẹ̀, tí ọkọ ẹ̀ wá dé, tó nà sílẹ̀ fún mi báyẹn, ǹ bá ti gbàdúrà fún un. Ǹ bá sọ pé ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nìyí. Èmi fúnra mi ni ǹ bá lọ dúró sídìí àtẹ̀gùn, tí ǹ bá pe obìnrin yẹn pé, sọ̀kalẹ̀ wá, ọmọ mi, ọkọ ẹ ti dé.