Ọjọ́ Tí Ẹrẹ̀ Ìsàlẹ̀ Òkun Gbá Àwọ̀n Bàbá Wa Mú

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dá àpá sí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Táyọ̀, lẹ́rẹ̀kẹ́, torí irọ́ tí wọ́n ń pa kiri Bonabéri, àdúgbò wa, ti pọ̀ jù. Èmi ni mo ṣe é!

Apẹja ni wá, ọmọ Ìlàjẹ. Àwọ̀n tí bàbá wa fọwọ́ hun kí wọ́n tó kú la fi ń jẹun ní Douala, ní Kamẹrúùnù níbí. Nílé wa, àbúrò kì í fi ọ̀bẹ kan okùn àwọ̀n bàbá. Ẹ̀gbọ́n ló ń jókòó ti ọ̀bẹ.

Lọ́jọ́ náà, a gba ẹnu odò Wouri jáde, a sọ àwọ̀n síbi tí ìsàlẹ̀ òkun ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sínú ibú, a so okùn mọ́ orí ọkọ̀. Àfi gbì! Ọkọ̀ mì bíi pé ó forí sọ àpáta. Àpáta wo? Omi nìkan ló wà níbẹ̀.

Kò pẹ́, omi dà bíi kafé tí wọ́n bu mílíìkì sí. Nǹkan kan nísàlẹ̀ ń wọ́ àwọ̀n wa lọ. Okùn le gan-an, orí ọkọ̀ tẹ̀, omi ń rọ́ wọlé. Ẹ́ńjìnnì ń ké lásán, ìdí ọkọ̀ ti kúrò lómi.

Mo bẹ Bọ̀dá kí wọ́n gé okùn. Wọ́n ní kí n panu mọ́, pé àwọn ò ní pa bàbá lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ gbọ́ o! Òkú sùn jẹ́ẹ́, alààyè fẹ́ bá a lọ torí òwú àti òjé! Inú bí mi, mo já ọ̀bẹ gbà. Wọ́n gbá mi lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ bò mí, wọ́n fún mi lọ́rùn. Mo tì wọ́n ṣubú, mo gé okùn. Okùn ta padà, ó la ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn.

Ọkọ̀ balẹ̀ pàà. A gbọ́n omi délé. Létí omi, apẹja ará ibẹ̀ kan ní la terre a tremblé: ilẹ̀ ló mì, ẹrẹ̀ ya lábẹ́ òkun, ó sì gbá àwọ̀n tiwọn náà lọ.

Bọ̀dá ò dáhùn ìkíni mi mọ́. Ó dùn mí wọra. Nígbà tí a ra àwọ̀n mìíràn, mo wọ ọkọ̀, mo bá ọ̀bẹ tó máa ń wà lọ́dọ̀ wọn lórí ìjókòó mi. Wọn ò wò mí, wọ́n kàn ní ṣé n ò ní jókòó ni.

Ẹ bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má bá wọn rì. Èèwọ̀ wo lẹ̀yin náà ti jẹ kí ẹ̀mí yín lè là? Ẹ sọ tiyín.