Àwọn Irin Tí Mo Fi Ẹní Bò Kọjá Odò

Ọkùnrin méjì wọ ìsọ̀ mi ní Gamkalley, ní ìlú Niamey, lọ́sàn-án ọjọ́ Àtàláátà kan. Wọn kò wọ aṣọ ológun, ṣùgbọ́n bàtà ẹsẹ̀ wọn tú wọn fó. Mo ń fi ẹ̀rọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lu ihò sára ẹsẹ̀ tábìlì. Èyí tó dàgbà nínú wọn ní kí n pa ẹ̀rọ náà. Mo pa á. Ó wá béèrè ní èdè Hausa, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń béèrè ọ̀nà:

"Kafíńtà, àwọn irin gígùn tó o fi ẹní bò kọjá afárá, níbo ni wọ́n wà?"

Títí di ìgbà yẹn, n kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni rí mi.

Kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba nígbà náà, owó yuréníọ́ọ̀mù sì ń wọlé láti ibi ìwakùsà lókè aṣálẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ọ́fíìsì sí àdúgbò Plateau lójoojúmọ́. Láti ìgbà tí mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Niamey, igi yíyí ni iṣẹ́ mi: ẹ̀rọ á máa yí igi, èmi á máa fi irin gbẹ́ ẹ títí yóò fi rí róbótó, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ àga. Àwọn ọ́fíìsì tuntun kò fẹ́ róbótó. Ẹsẹ̀ oníhà mẹ́rin tí wọ́n fi bọ́ọ̀tì dè ni wọ́n ń fẹ́, ihò tí mo bá sì fi ọwọ́ lu máa ń wọ́. Mo ní láti ra ẹ̀rọ tó ń lu ihò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní pẹ̀sọ́ọ̀sì.

Méjì ló wà lọ́dọ̀ oníṣòwò irin kan. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán. Èkejì ti ṣiṣẹ́ rí níbi ìwakùsà, ó sì ti dógùn-ún nídìí. Mo di ẹnu tí irin ìlu-ihò ń wọ̀ mú, mo mì ín. Ti tuntun mì. Ti àtijọ́ kò mì. Mo ki ìṣó gígùn kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo fi ọwọ́ yí i. Orí ìṣó náà dúró sójú kan bí ẹni pé kò yí rárá.

Oníṣòwò náà ń wò mí. "Ìyàwó lò ń yàn ni àbí ẹ̀rọ?"

"Tí mo bá ṣi ìyàwó yàn, ẹbí á bá mi dá sí i. Ta ló máa bá mi dá sí ti ẹ̀rọ?"

Èyí àtijọ́ ni mo gbé.

Ìsọ̀ mi kéré. Ẹ̀rọ ìyígi gbọ́dọ̀ kúrò kí pẹ̀sọ́ọ̀sì tó ráyè dúró. Mo lè tà á, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ láàyè lẹ́yìn ìrọbí ọjọ́ mẹ́ta, mo sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ sàárà. Ilé kan wà ní Lamordé, ní òdìkejì odò, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn arọ níṣẹ́ ọwọ́. Mo ní kí n kó ẹ̀rọ náà àti gbogbo irin gígùn tí mo fi ń gbẹ́ igi fún wọn. Àlùfáà wa, ará Ìlọrin, ti kọ́ wa pé sàárà tí èèyàn ṣe níkọ̀kọ̀ ló níyì jù lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Mo gbà á bó ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo kó ẹrù sínú kẹ̀kẹ́ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà, mo fi ẹní bò ó, mo da koríko lé e. Olórí ilé náà, tí òun fúnra rẹ̀ ń fi ọ̀pá rìn, gbọ́wọ́ lé Kùránì, ó sì búra fún mi pé òun kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni.

Inú mi dùn títí mo fi délé. N kò ronú pé yunifásítì wà nítòsí ibẹ̀, àti pé àwọn ológun ń ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lákòókò náà.

Àwọn ọkùnrin méjì náà mú mi lọ sí ọ́fíìsì wọn. Níbẹ̀, ọ̀gá kan gba séjúù mi, ìwé tó fún mi láṣẹ láti máa gbé ìlú náà, ó sì fi sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀.

"Àwọn ọmọ yunifásítì lo kó irin fún."

"Rárá o, ọ̀gá. Àwọn arọ ni."

Wọ́n rán èèyàn lọ béèrè. Ẹni náà padà dé, ó ní olórí ilé náà sọ pé òun kò mọ̀ mí rí. Ìbúra tó bú fún mi ló ń pa mọ́.

"Tó bá jẹ́ oore lo ṣe," ni ọ̀gá náà wí, "kí ló dé tó o bò ó?"

Ó ní n kò gbọ́dọ̀ gun afárá mọ́, kí n sì máa wá fara hàn ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Tí n kò bá rí ẹlẹ́rìí láàárín oṣù kan, ọkọ̀ yóò kó èmi àti ìdílé mi dà sí bọ́dà. Ìyẹn tí wọn kò bá rí nǹkan míì. Tí wọ́n bá rí i, ó ní ìyàwó mi kò ní í mọ ibi tí mo wà.

Ìyàwó mi pọn ọmọ, ó lọ sí Lamordé. Nígbà tó dé, kò tíì jókòó tó fi sọ̀rọ̀.

"Ó ní ẹ̀yin lòun búra fún, ẹnu yín nìkan ló lè tú òun sílẹ̀."

"Ṣé o sọ fún un pé wọ́n fẹ́ lé wa?"

"Mo sọ. Ó sunkún. Ó ní Kùránì lòun gbọ́wọ́ lé." Ó wò mí. "Ẹ̀yin àti sàárà yín. Ṣé ẹ ò lè pa àgbò kẹ́ ẹ pín in ládùúgbò bí èèyàn ni?"

Mo lọ bá Àlùfáà. Ó gbọ́ mi tán, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní òun á máa ṣàdúrà, ṣùgbọ́n kí n jọ̀ọ́, kí n má dárúkọ òun níbẹ̀. N kò bínú sí i. Ẹ̀rù ń ba gbogbo wa.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo kúnlẹ̀ fún ọ̀gá náà. "Ẹ fi àwọn ọmọ ogun yín sí mi lára, ẹ mú mi lọ. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá ọkùnrin yẹn sọ, lójú yín." Ọ̀gá náà mú kọ́kọ́rọ́ jíìpù. Nígbà tí a dé orí afárá, mo rò pé ibẹ̀ ni wọn yóò ti dúró, tí wọn yóò jù mí sómi.

Olórí ilé náà jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Bàbá, mo tú yín sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́."

Ó wo ọ̀gá náà, ó wò mí. "Ṣé wọn ò fipá mú ọ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú mi wá."

Ìgbà yẹn ló tó sọ gbogbo rẹ̀. Ó mú wa lọ sẹ́yìn ilé. Ọkùnrin kan tí kò lẹ́sẹ̀ jókòó lórí àpótí nídìí ẹ̀rọ mi, ó ń yí igi tí wọn yóò fi ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀. Ọ̀gá náà mú ọ̀kan nínú àwọn irin, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu rẹ̀ wò.

"Èyí lè pa èèyàn."

Ọkùnrin náà kò gbójú sókè. "Ọ̀gá, èmi tí n kò lẹ́sẹ̀ yìí ni màá wá lé yín bá?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun rẹ́rìn-ín, ó sì tètè gbé e mì.

Síbẹ̀ wọn kò dá ìwé mi padà. Mo ń lọ ní ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ọjọ́ Ajé. Mo máa ń jẹun yó kí n tó lọ, torí n kò mọ ìgbà tí n ó tún jẹun. Ìyàwó mi á dúró níta gbàgede wọn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá náà ṣí dúrọ́ọ̀, ó lu òǹtẹ̀ sára ìwé mi, ó tì í sí mi lórí tábìlì. "Má wá mọ́ lọ́jọ́ Ajé."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè gun afárá?"

"Afárá bàbá ta ni? Lọ."

Mo jáde. Mo na ìwé náà sí ìyàwó mi. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú lẹ́yìn títí ó fi rí òǹtẹ̀ náà, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.