Àlejò Inú Kíláàsì

Àlejò làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe ọmọbìnrin ìyá aránṣọ kan, torí iléèwé ò yéé lé e wálé fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá padà, ìṣirò á ti lọ jìnnà. Ojú á tì í, á dá ariwo sílẹ̀, wọn á tún lé e. Ta ló bi í pé kí ló dé? Kò sẹ́nì kankan!

Lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí ìṣirò tún dàrú mọ́ ọn lójú, ó ṣọkàn gírí, ó nawọ́ sókè láti béèrè.

“Ìwọ yìí tún ni?” ni tíṣà wí. “Bọ́ síta! Máa lọ sílé yín!”

Nílé, ìyá rẹ̀ ò gbójú kúrò lára maṣíìnì. “Kí lo tún ṣe?”

“Mo nawọ́ sókè ni, Màámi.”

“Irọ́!”