Pọ́ǹpù Panápaná Etí Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń bọ̀ láti ọjà ní Benson, ní Ìkòròdú, nígbà tí mo gbóòórùn bẹntiróòlù, gírísì àti iná tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, gbogbo rẹ̀ papọ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan ló gbaná lẹ́bàá títì. Àwọn panápaná ti parí iṣẹ́, wọ́n ń ká họ́ọ̀sì wọn. Àwọn ọmọ òde òní fọwọ́ bomú, wọ́n ń sáré kọjá. Ní tèmi, ńṣe ni mo gbé àpò ata sílẹ̀ tí mo fa òórùn náà símú bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó gbé mi lọ sí Ẹ̀pẹ́, sí ìgbà ọyẹ́ kan nígbà èwe mi, tí ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù kan ṣoṣo gba gbogbo agbo ilé wa lọ́kàn.

Lásùnwọ̀n ní Ìkòròdú ni wọ́n ti bí mi. Apá Ọ̀ṣun ni bàbá mi ti wá, ó gba yàrá níbẹ̀, ó sì ń tún ẹ̀rọ ṣe: ẹ̀rọ ìlọta, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ohunkóhun tó bá ti ń mu epo tó sì ń pariwo. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi. Nítorí náà, bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ni mò ń lọ. Mọ́tò á gba ọ̀nà Ìtòíkìn, eruku á sì bò wá títí a ó fi dà bí ẹni tó yí nínú èlùbọ́ kí a tó fojú kan ọ̀sà.

Ilé Ìyá Àgbà kò jìnnà sétí omi. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni sọ́míìlì wà, níbi tí wọ́n ti ń la igi tí wọ́n fi omi gbé wá. Ẹ̀rún pákó ibẹ̀ ga bí òkè. Àwa ọmọdé a máa gùn ún, a ó sì máa yọ̀ wálẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ohun tó dùn mọ́ wa yìí náà ló ń ba àwọn àgbà lẹ́rù. Nígbà ọyẹ́ tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ, iná wọ inú ẹ̀rún pákó yẹn, atẹ́gùn gbé e, ó sì jó ilé Sìdíkátù, ọ̀rẹ́ mi, kanlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kú, Ọlọ́run ló ṣeun, ṣùgbọ́n aṣọ ọrùn wọn nìkan ni wọ́n mú jáde. Yàrá ẹ̀yìn nílé Ìyá Àgbà ni wọ́n wá ń gbé. Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́, Ìyá Sìdí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná lágbàlá. Ó ń bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n kó lọ bá àwọn èèyàn òun ní Èjìnrìn kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú gan-an.

Ohun tó dùn wọ́n jù ni pé pọ́ǹpù panápaná kan wà ní sọ́míìlì lọ́jọ́ tí ilé jó. Ó wà lórí táyà méjì bí ọmọlanke, ọ̀dà pupa ara rẹ̀ ti ṣí. Lọ́jọ́ iná náà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ké bí àgbò iléyá, ṣùgbọ́n omi kò jáde. Láti ìgbà náà, adìyẹ ló ń yé sábẹ́ rẹ̀. Bàbá Sìdí, tó jẹ́ olórí àwọn alagi ibẹ̀, ni kò gbà kí wọ́n jù ú nù. Nígbà tí bàbá mi mú mi dé lọ́dún yẹn, Bàbá Sìdí ló fà á lọ síbẹ̀.

"Ẹ bá mi wò ó," ó ní. "Bí kò bá ṣeé tún ṣe, kí n yáa mọ̀ pé Èjìnrìn ló kù."

Bàbá mi yí pọ́ǹpù náà po, ó fọwọ́ gbá a. "Kò kú," ó ní. "Ó kàn gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ ni."

Abẹ́ igi fúrúùtù ni wọ́n wọ́ ọ lọ. Bàbá mi tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀, ó ń tú bóòtù kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde. Nígbà tí ikùn ẹ̀rọ náà ṣí, a rí àgbá irin róbótó kan tó ní abẹ́ títẹ̀ lára bí abẹ́bẹ̀. Bàbá mi ní bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí i, ńṣe ló ń fọ́n omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ajá tó jáde lódò tó ń gbọn ara, agbára yẹn ló ń ti omi wọ họ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú rẹ̀, lásán ló ń yí. Ó ní a ní láti kọ́kọ́ fún un lómi mu kó tó lè fún wa lómi.

Iyanrìn àti ewéko ọ̀sà ti dí ihò rẹ̀ pa. Awọ tó ń dé ẹnu họ́ọ̀sì tó ń wọ inú omi ti gbẹ bí pàǹlà. Okùn òwú tó yẹ kó dí ìdí ọ̀pá irin rẹ̀ náà ti gbó tán, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bàbá mi gbé àgbá irin náà lọ sí Ìkòròdú, wọ́n jó ibi tó ti sán, wọ́n fi ẹ̀rọ yún un títí ó fi ń dán. Bàbá Sìdí gba awọ tuntun lọ́wọ́ onísàlúbàtà, ó sì rẹ ẹ́ sínú epo. Okùn náà ló kù, a wá a títí, a ò rí i.

Ìyá Àgbà, tó ń tún àwọ̀n apẹja ṣe lẹ́nu ọ̀nà, gbọ́ wọn. "Ṣé okùn náà ni gbogbo ariwo yìí?" ló bi wọ́n. Ó ran òwú, ó hun ún pọ̀ nígun mẹ́rin, ó sì fi ọ̀rá màlúù àti gírísì pa á lára. Nígbà tí bàbá mi rí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ẹ̀rún pákó.

"Màámi," ó ní, "ẹ̀yin lẹ ni pọ́ǹpù yìí."

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, ó kọ́kọ́ húkọ́, ó tu omi ẹlẹ́rẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà ni omi bá fò lọ sókè réré, ó bọ́ sórí òrùlé aládùúgbò, gbogbo aṣọ tó sá sì di tútù. Bí a ṣe ń pariwo ayọ̀, Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ìdí ọ̀pá irin náà. Inú rẹ̀ kò dùn rárá.

"Okùn mi ń jò!"

"Ẹ jẹ́ kó máa kán, Màámi. Omi tó ń kán yẹn ló ń tu okùn yín lára kó má jóná."

Títí ìyá náà fi kú, kò gbà pé ohun tó ń jò lè jẹ́ ohun tó dára.

Kí bàbá mi tó padà sí Ìkòròdú, ó kọ́ gbogbo agbo ilé bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ìyá Sìdí kọ́kọ́ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ká apá mọ́yà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, òun ló ń béèrè ìbéèrè jù.

Iná dé lóòótọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni, atẹ́gùn ń fẹ́, èéfín sì ṣàdédé yọ láti inú òkè ẹ̀rún pákó. Àwọn èèyàn ń sá, wọ́n ń kó ẹrù. Bàbá Sìdí àti àwọn alagi wọ́ pọ́ǹpù dé etí omi, wọ́n sọ họ́ọ̀sì sínú ọ̀sà, ọ̀kan nínú wọn sì ti di okùn ẹ́ńjìnnì mú láti fà á.

"Ẹ má tíì fà á!" Ìyá Sìdí ló kígbe, garawa omi ń bẹ lórí rẹ̀. "Kò tíì mu omi!"

Ó rọ omi sínú ẹ̀rọ náà títí ó fi kún, ó sì dé e. "Ó yá, ẹ fà á." Omi jáde. Wọ́n lé iná náà títí ó fi kú, kò sì jó ju òkè ẹ̀rún pákó àti pákó díẹ̀ lọ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Ìyá Sìdí jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ọkọ rẹ̀ ń fi fìlà rẹ̀ fẹ́ ẹ.

Láti ọjọ́ náà, a ò gbọ́ ọ̀rọ̀ Èjìnrìn mọ́. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, wọ́n ti kọ́ ilé wọn padà sórí ìpìlẹ̀ àtijọ́.

Bàbá mi gbọ́ ìròyìn náà, ó sì dé ní ọjọ́ kejì iná náà. Wọ́n ń se ẹja, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ẹni tó wà níbẹ̀ pàápàá. Bàbá mi kí gbogbo wọn, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú bóòtù. Wọ́n ní kó wá jẹun ná. Ó ní omi ọ̀sà ti kó iyanrìn wọ inú rẹ̀, pé òun ń bọ̀. Kò pẹ́ tí Ìyá Sìdí fi ẹja sílẹ̀ tó lọ bá a di bóòtù mú.

Sọ́míìlì yẹn kò sí mọ́, ilé ìwòsàn kékeré kan ló gba ibẹ̀. Ọkọ̀ panápaná ìsinsìnyí tóbi ju ilé Ìyá Àgbà lọ. Ohun tó bá bàjẹ́ lóde òní, a ti ń ra tuntun kí a tó mọ ohun tó ṣe é. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, ìgbà ló yí. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn bíi bàbá mi àti Ìyá Sìdí kò tíì tán. Ọjọ́ tí iná bá kú, gbogbo ayé ló ń yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọ iyanrìn jáde lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó mọ́, òun ni ojú mi máa ń wá níbikíbi tí mo bá dé. Bí mo bá rí i, mo máa ń dúró kí i dáadáa, bí a ti ń kí àgbà, ìbáà jẹ́ ọmọ àná.