Ọ́ìlì Ń Jò, Géèjì Ò Wálẹ̀

Rárá o, ẹ́ńjìnì ẹ̀ ò nọ́ọ̀kì. Ẹni tó sọ fún yín pé torí ẹ́ńjìnì ni Rùfáì ṣe ta lọ́rì ẹ̀, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló gbọ́. Ẹ́ńjìnì yẹn le koko. Tí Rùfáì bá ṣáná sí i láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa wúkọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin, gbogbo àdúgbò wa ní Aílégún á mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Lọ́rì àtijọ́ ni, èyí tí imú ẹ̀ gùn síta tí ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ pákó. Búlúù ni wọ́n kùn ún, àmọ́ oòrùn ti jẹ búlúù yẹn títí ó fi dà bí aṣọ iléèwé tí wọ́n ti fọ̀ láfọ̀jù. Ọdún mẹ́tàlélógún ni Rùfáì fi kó àgbàdo gbígbẹ láti Ṣakí wá bá àwọn tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ ní Òkè-Àfá. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Aṣọ òkè ni bàbá ẹ̀ ń hun, òun náà sì jókòó sídìí òfì fún ọdún méjì kó tó sá tẹ̀ lé onílọ́rì kan, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Àjíbíkẹ́ ìyàwó ẹ̀, tó ń ta bọ́tìnnì, síìpù àti òwú fáwọn aránṣọ lọ́jà Ìsọ̀lọ̀, kì í yé fi ṣe é yẹ̀yẹ́. "Bàbá Fawziyyah, ẹ sá fún ìjókòó, ẹ wá lọ jókòó sídìí sítíárìn!" Rùfáì á rẹ́rìn-ín, á ní, "Òfì ò gbé èèyàn dé Ṣakí."

Ẹ wò ó, bí àwọn ọkùnrin mìíràn ṣe ń gbé ìwé ìròyìn láàárọ̀, abẹ́ lọ́rì ni Rùfáì ń kà. Tó bá ti kírun tán, kò tíì mu ohun gbígbóná o, á tẹ̀ síbẹ̀. Páálí fíríìjì ló máa ń tẹ́ sábẹ́ ẹ̀ lálẹ́. Láàárọ̀ á fà á jáde, á gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, á sì máa wò ó bíi dókítà. Tó bá dúdú tó sì ki, tó wà níwájú, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì nìyẹn. Tó bá ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ọ́ìlì gíà ni. Omi lásán lábẹ́ imú, rédíétọ̀ ló ń tọ̀. Àmọ́ tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tó mọ́, tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, bíréékì ni. Ìyẹn ló máa ń mú kó fi ọwọ́ lérí. "Tí bíréékì bá ń jò, bàbá ẹni ì báà máa kú lọ́nà Ìsẹ́yìn, ẹ má gbéra."

Wasiu mẹkáníìkì ló kọ́ ọ. Agboolé kan náà ni wọ́n ti jọ dàgbà, ọdún kan náà ni wọ́n wọ Èkó, Wasiu ló sì ṣe ẹlẹ́rìí fún un lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì òun àti Àjíbíkẹ́. Kò sí nọ́ọ̀tì kan lára lọ́rì yẹn tí ọwọ́ Wasiu ò kàn rí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí Rùfáì àti Wasiu jọ ti Ṣakí dé ni jíjò yìí bẹ̀rẹ̀. Rùfáì fa páálí jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ́ìlì dúdú ló bá níbẹ̀, ó fẹ̀ bí àwo ìjẹun. Wasiu dé, ó wọ abẹ́ lọ́rì lọ, ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Nígbà tó jáde, orí ló ń mì.

"Rùfáì, síìlì tó ń dí ọ́ìlì mọ́ lẹ́yìn ẹ́ńjìnì ti lọ."

"Pààrọ̀ ẹ̀ nígbà náà."

"Màá pààrọ̀ ẹ̀. Àmọ́ ibi tí síìlì yẹn jókòó sí gan-an ló ti jẹ. Tá a bá dí ibí, á jò lọ́hùn-ún."

Ó pààrọ̀ ẹ̀ lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì, ọ́ìlì náà tún fẹ̀ sí i. Wasiu ní, "Mo sọ fún ẹ. Ohun tó bá ti gbó ti gbó." Àjíbíkẹ́ náà gbè é lẹ́sẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó lọ, Bàbá Fawziyyah. Tó bá dákú sáàárín igbó mọ́ yín lọ́wọ́ ńkọ́?"

Nǹkan kan wà tí kò yé Rùfáì. Gbogbo àárọ̀ ló ń fa géèjì ọ́ìlì yọ, á nù ún, á tì í bọ̀ ọ́, á tún fà á yọ. Ojú ìlà kan náà ni ọ́ìlì máa ń dé. Ó ń jò, kò sì dín. Ó sọ ọ́ fún Wasiu. Wasiu ní, "Géèjì àtijọ́ nìyẹn, kò mọ ohun tó ń sọ mọ́." Rùfáì gbà. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ òun náà, ẹ ò ní gbà? Ẹni téèyàn bá fọkàn tán, irọ́ ẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Bó ṣe gbà láti tà á nìyẹn. Wasiu bá a wá oníbàárà kan, Ọláyanjú, tó ń ta pákó ní Èjìgbò. Sátidé ló ní òun máa wá gbé e.

Nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, wọ́n gbé táǹkì omi tuntun wá fún Ìyá Tẹjú tí ilé ẹ̀ kọjú sí ti Rùfáì. Ọkọ̀ tó gbé e ò ráyè kọjá, awakọ̀ ẹ̀ wá pe Rùfáì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sún ìyàwó yín yìí síwájú díẹ̀." Rùfáì sún lọ́rì tó ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ó tún tẹ́ páálí ẹ̀ sábẹ́ ẹ́ńjìnì, ó sì wọlé lọ.

Láàárọ̀ Sátidé, páálí gbẹ táútáú. Kò sí ẹ̀kán kan lórí ẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn, lábẹ́ pákó, níbi tí kò ti sí ẹ́ńjìnì, tí kò ti sí gíà, ọ́ìlì dúdú wà nílẹ̀, ó ń dán. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹkéré gọ́tà tó fọ́ ló wà gan-an, níbi tí ẹ́ńjìnì máa ń wà kó tó sún lọ́rì.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa Rùfáì. "Ṣé pákó náà ti ń jò ọ́ìlì ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa. Ọ́ìlì tó bá ń kán láti òkè máa ń ta wínníwínní yí ara ẹ̀ ká. Eléyìí ò ta, etí ẹ̀ rí roboto bí ọbẹ̀ tí wọ́n bù sáwo. Ó wọ abẹ́ ẹ́ńjìnì, ó fi etí jàlámíà funfun tó fi kírun nu ìsàlẹ̀ ẹ̀. Eruku lásán ló bá a jáde, eruku pupa ọ̀nà Ṣakí. Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ ọ́ìlì yẹn, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó di ọ̀dọ̀ Wasiu n'Ísọ̀lọ̀.

Wasiu ń jẹ búrẹ́dì. Rùfáì na ìka méjì tó dúdú sí i lójú.

"Kọ̀ndẹ́ḿ ni, ọ́ìlì àlòkù tẹ́ ẹ máa ń dà nù. Ta ló ń dà á sábẹ́ lọ́rì mi?"

Wasiu gbé búrẹ́dì sílẹ̀. "Èmi kọ́ ni mò ń dà á."

"Mi ò bi ọ́ lẹ́ni tí kì í dà á."

"Èmi ni mo bù ú fún Àjíbíkẹ́. Inú rọ́bà omi." Kò wojú ẹ̀. "Rùfáì, ṣó o rántí tírélà yẹn?"

Ó rántí. Lọ́nà Fìdítì ni, nígbà tí wọ́n ń ti Ṣakí bọ̀, lọ́sàn-án gangan, tírélà kan dákú sójú títì, wọ́n já ewé sẹ́yìn ẹ̀, gbogbo ayé ló ń rí i. Rùfáì ò rí i. Wasiu ló fa sítíárìn mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí ọkàn wọn balẹ̀, Rùfáì bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí Àjíbíkẹ́ gbọ́. Wasiu fi Kùránì búra.

"O búra, Wasiu."

"Mo búra. Mi ò lè jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta."

"Nígbà tó o sọ fún ìyàwó mi tán, o jẹun?"

Wasiu nu ọwọ́ ẹ̀ sára aṣọ. Ó kàn dìde, ó tẹ̀ lé e délé.

Àjíbíkẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka bọ́tìnnì sínú ọ̀rá. Ó rí ìka ọkọ ẹ̀, ó rí Wasiu lẹ́yìn ẹ̀, ó kúnlẹ̀. Kò dúró kí wọ́n bi í.

"Ẹ má bínú. Tí mo bá ní ẹ má wakọ̀ mọ́, ṣé ẹ máa gbọ́?"

Rùfáì mọ̀ pé òun ò ní gbọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

"O ò bi mí, Àjíbíkẹ́. Ò ń jí lójoojúmọ́ nínú òkùnkùn, ò ń fi gọ́tà tó fọ́ ṣàmì, ò ń da ọ́ìlì sílẹ̀. O wá ń wò mí bí mo ṣe ń yí páálí síwá sẹ́yìn bíi wèrè. O tún ń kí mi pẹ̀lẹ́."

"Ẹ̀rù ń bà mí ni."

"Ó yẹ kó o jẹ́ kó ba èmi náà."

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn tí Ọláyanjú fi dé, tòun ti awakọ̀ ẹ̀. Àjíbíkẹ́ dìde wéré, ó ń gbọn ìdí ìró ẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá Rùfáì ṣì máa tà á. Àjíbíkẹ́ di ọ̀rá bọ́tìnnì mú bí ẹni di ọmọ mú.

"Bàbá, wọ́n ní ó ń jò díẹ̀," Ọláyanjú bẹ̀rẹ̀.

"Kò jò. Wọ abẹ́ ẹ̀."

Ọkùnrin náà wọ abẹ́ ẹ̀, ó jáde, ó ń wo ọwọ́ ẹ̀ tó gbẹ. "Ta ló ń ta mọ́tò tára ẹ̀ le báyìí? Bàbá, ẹ sòótọ́ fún mi o. Kí ló ń ṣe é?"

Rùfáì fọwọ́ pa imú lọ́rì yẹn. Wasiu wúkọ́.

"Kò sóhun tó ń ṣe é," Rùfáì ní. "Ojú mi ni kò ríran mọ́." Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i.

Lọ́rì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ń kùn lọ sọ́nà Èjìgbò. Wasiu ṣe bí ẹni fẹ́ dì mọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀, Rùfáì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí ẹni kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná. Àjíbíkẹ́ gbé àsáró ọ̀sán wá, èyí tó fi ẹja gbígbẹ sí bó ṣe fẹ́ràn ẹ̀, ó sì tún kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá Fawziyyah. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. Ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

Ó gba àwo náà lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbé e kalẹ̀.

"Màá jẹ àsáró ẹ, Àjíbíkẹ́, màá sì sùn nílé yìí. Àmọ́ láti òní lọ, tó o bá sọ fún mi pé òjò ń rọ̀, màá kọ́kọ́ na ọwọ́ síta."