Bí Ohùn Ìyá Mi Ṣe Gba Inú Ẹ̀rọ Kọjá

Ìyá mi fẹ́ràn orin, ṣùgbọ́n orin kò fẹ́ràn wọn padà. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìlà kìíní, ohùn wọn á ṣì wà ní Ẹdẹ. Kí wọ́n tó dé ìlà kẹta, ó ti kọjá ìlú Awo, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò ti sọ̀ kalẹ̀. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo máa ń pàdé àwọn àgbà ọkùnrin tí wọ́n kọ́ lórin nígbà èwe, tí wọn ò lè kọ àwọn orin náà tọ́ títí dòní.

Àárín àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n ń jókòó sí nígbà kan. Nígbà tí ọ̀gá akọrin tuntun dé, kò pẹ́ tó fi pè wọ́n sẹ́yìn ilé ìjọsìn. Èmi náà wà nítòsí, mò ń to àga.

"Màmá," ni ọkùnrin náà wí, ó ń fi ọwọ́ kan ra èkejì, "inú ọkàn ni Ọlọ́run ń wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ tiyín sínú ọkàn."

Ìyá mi wò ó. "Ṣé inú ọkàn lẹ̀yin náà ti ń kọ tiyín ni?"

Wọ́n bọ́ aṣọ akọrin, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n sì lọ jókòó sí ìjókòó iwájú pátápátá, níbi tí kò ti sí ohunkóhun tó lè dí ohùn wọn lọ́nà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá àwọn akọrin jà ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ eléyìí: ọ̀gá akọrin jù mí lọ dáadáa, "wọ́n" ló sì yẹ kí n máa pè é. Ṣùgbọ́n bí mo bá pe ìyá mi ní "wọ́n", tí mo tún pe òun náà bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń ba orin jẹ́. Kó má bínú sí mi, "ó" ni n ó máa lò fún un.

Èmi ni mo ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Iṣẹ́ tó ń bọ́ mi ni títún fóònù ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lọ́nà Pólì. N kì í rí ohun tó bá ní síkúrù kí n má tú u. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo lọ ra ohun èlò ní Òṣogbo, tí mo rí kíbọ́ọ̀dù kúkurú kan láàárín ẹrù tòkunbọ̀, tí bọ́tìnnì rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò lọ mọ́.

"Àǹtí, ẹ má ra ìyẹn o," ni òǹtàjà wí. "Ó ń tan iná, ṣùgbọ́n kò dún."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí òǹtàjà tó ní kí oníbàárà má ra ọjà òun. Mo yí i wò. Kò bàjẹ́. Wọn ò fi sípíkà sí i nínú ni láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Síńtẹ̀sáísà ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é, ẹ̀rọ tó ń ṣẹ̀dá ohùn fúnra rẹ̀, tí yóò sì dún bí wọ́n bá fi wáyà so ó mọ́ sípíkà. Mo pa ẹnu mọ́, mo sanwó, mo gbé e lé itan bí ọmọ títí a fi dé Ẹdẹ. Awakọ̀ bi mí bóyá kọ̀ǹpútà ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ọ̀nà ò jìn tó kí n máa ṣàlàyé.

Nígbà tí mo so ó mọ́ sípíkà nílé, mo rí i pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí ohùn ń gbà jáde, ihò mìíràn wà tí ohùn lè gbà wọlé. Gbogbo kíbọ́ọ̀dù tí mo ti tẹ̀ rí, ẹnu nìkan ni wọ́n ní. Eléyìí ní etí.

Mo so fóònù mi mọ́ ihò yẹn, mo tan rédíò orí rẹ̀. Ọkùnrin kan ń ka ìròyìn. Bọ́tìnnì kan wà lára ẹ̀rọ náà tó ń sẹ́ ohùn bí a ṣe ń fi asẹ́ sẹ́ ògì: bí mo bá yí i sí òsì, ohùn tó ki nìkan ló ń kọjá, bí mo bá yí i sí ọ̀tún, tín-ín-rín ló ń kù. Oníròyìn wọnú dúrọ́ọ̀mù omi, ó jáde, ó tún wọlé. Ọ̀rọ̀ ìjọba tó ń kà kò yé mi mọ́, ìyẹn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Láti orí rédíò, mo bọ́ sórí ẹ̀rọ tó ń lọ ata. Lẹ́yìn náà ni mo fa wáyà máìkì gba ojú fèrèsé, mo gba ohùn tòlótòló aládùúgbò wa wọlé. Ó dún bíi bíṣọ́ọ̀bù tó ń súre fún ìjọ.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kejì tí ẹ̀rọ náà lè ṣe ló mú mi dìde dúró. Bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ sínú máìkì lásán, kò ní dáhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń tẹ kíbọ́ọ̀dù bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, á wá fi ohùn tí ìka mi bá mú sọ ọ́. Ẹnu ló ń mú ọ̀rọ̀ wá, ìka ló ń mú ohùn wá. Bí mo bá tẹ mẹ́rin pọ̀, èèyàn mẹ́rin ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá mi ṣílẹ̀kùn. "Kí ló ń ké nínú yàrá yìí?"

"Ẹ sọ̀rọ̀ síbí, ẹ gbọ́."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ máìkì. "Ta ló jẹ ẹran inú ọbẹ̀ mi?"

Ìbéèrè náà jáde bí ìgbà tí àwọn áńgẹ́lì ń fi orin wá olè. A jọ rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, wọ́n kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì kan síbẹ̀ láti fi ṣeré. Ohùn wọn yà sí ọ̀tún, ó yà sí òsì, ẹ̀rọ ò tẹ̀lé e. Ìka mi ló ń tẹ̀lé. Orin náà jáde ní títọ́, láìkọsẹ̀ níbì kankan.

Ìyá mi tẹjú mọ́ sípíkà. "Ṣé èmi nìyẹn?"

"Ọ̀rọ̀ yín ni, Màámi. Ìka mi ló ń gbé ohùn rẹ̀."

"Mi ò bi ọ́ ní ti ìka." Wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì mi. "Jẹ́ ká tún un ṣe."

A tún un ṣe títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ojú wọn dà bíi ti ẹni tó ti ń kanlẹ̀kùn tipẹ́, tí wọ́n wá ṣí i fún lójijì tí kò mọ ẹsẹ̀ tó máa kọ́kọ́ gbé wọlé. Mo fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, n kò lè ṣe é.

"Ìkórè ń bọ̀," ni wọ́n wí.

"Ọ̀gá akọrin ò ní gbà, Màámi."

"Ta ló fẹ́ bi í?"

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀gá akọrin wá sílé wa láti bá mi sọ̀rọ̀ nípa orin ìkórè. Mo sọ fún un pé ẹnì kan wà tó fẹ́ dá orin kọ, pé ojú ń tì í, inú yàrá ló máa ti kọ ọ́. Mo ti fa wáyà máìkì gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ní pálọ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Orin bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá akọrin dijú, bó ṣe máa ń ṣe bó bá fẹ́ mú àṣìṣe. Kò rí ọ̀kankan mú. Ó ṣí fìlà.

"Ta lọmọ yìí? Ṣé ọmọ Yunifásítì ni?"

"Ó dàgbà díẹ̀ sí i, sà."

"Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni kó kọ. Kò gbọdọ̀ dín."

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí, ìyá mi jáde pẹ̀lú máìkì lọ́wọ́. "Ẹ ṣeun o, ọ̀gá."

Ọkùnrin náà wo ìyá mi, ó wo ẹ̀yìn wọn bóyá ẹlòmíràn máa jáde. Ẹnikẹ́ni ò jáde. "Màmá? Ẹ̀yin?"

"Inú ọkàn ni mo ti kọ ọ́," ni wọ́n dá a lóhùn, wọ́n sì lọ bu omi fún un.

Ó ti sọ̀rọ̀, kò lè kó o jẹ mọ́.

Lọ́jọ́ ìkórè, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kún fún iṣu, ọsàn àti ewúrẹ́ kan tí kò gbà pé òun ni ọrẹ. Ìyá mi wọ léèsì àwọ̀ ewé, wọ́n bọ́ sídìí máìkì tí mo ti so mọ́ ẹ̀rọ náà. Ẹsẹ̀ kìíní jáde, àwọn èèyàn dìde. Nígbà tí ẹsẹ̀ kejì fi máa parí, ìyá kan ti bọ́ bàtà sílẹ̀, ó ń jó. Ìyá mi wá sún sẹ́yìn díẹ̀ láti nu òógùn, èmi sì fi ìka sílẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù kí orin má bàa tutù kó tó di ẹsẹ̀ kẹta.

Ọ̀gá akọrin ló wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ máìkì báyìí. Ó yí ọrùn sí ọ̀kan nínú àwọn akọrin, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó gbàgbé pé ẹ̀rọ ò mọ ẹni tí wọ́n rán an sí. Gbogbo ìjọ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lóhùn mẹ́rin, ó dùn bí oyin:

"Ẹ̀rọ ni o. Màmá ò mọ orin kankan. Ẹ yọ wáyà yẹn kẹ́ ẹ rí i bí gbogbo wa ṣe máa sá jáde."

Ó yẹ kí n ká ìka kúrò. N kò ká a. Mo tiẹ̀ tún fi ọ̀kan kún un.

Gbogbo ojú yí sí ọ̀gá akọrin. Ewúrẹ́ ìkórè, tó wà nítòsí, rí àyè, ó ké "mẹ̀ẹ́", òun náà sì di akọrin márùn-ún. Ìyẹn ló mú kí gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ fi Bíbélì bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rù bà mí láti wo ìyá mi. Nígbà tí mo wò wọ́n, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, wọ́n di máìkì mú kí wọ́n má bàa ṣubú, ẹ̀rín náà sì ń jáde bí ẹ̀rín obìnrin márùn-ún tí wọ́n jọ gbọ́ òfófó kan náà.

"Yọ wáyà yẹn," ni wọ́n sọ fún mi. "Ẹsẹ̀ kan ló kù."

Mo yọ máìkì kúrò lára ẹ̀rọ, mo kì í bọ sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì tààrà. Wọ́n kọ ẹsẹ̀ kẹta ní ohùn ara wọn. N ò ní purọ́ fún yín nítorí pé ìyá mi ni: kò dára rárá. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò sá jáde. Kálukú kàn gbé ohùn sókè láti fi dáàbò bo ara rẹ̀ ni. Ìjọ wa ò kọrin tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀gá akọrin wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ wa.

"Ẹ dìde, ẹ má fi aṣọ funfun nulẹ̀ fún mi," ni ìyá mi wí. "Òótọ́ lẹ sọ."

"Ẹ ò bínú, Màmá?"

"Mo bínú. N ó sì máa bínú di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ jókòó, ẹ jẹun."

Ó jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ ló wá ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní ohùn òun kì í gòkè bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, pé bóyá ẹ̀rọ lè gbé e. Mo gbé máìkì fún un. Ó kọrin, mo tẹ̀ ẹ́, ohùn náà gòkè dé ibi tí ó ti ń wá a láti ọjọ́ pípẹ́. Ó gbé máìkì kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ó dùn," ló wí. "Àmọ́ n ò mọ ẹni náà."

"Èmi náà ò mọ tèmi," ni ìyá mi wí, wọ́n sì bu ẹran kún àwo rẹ̀.

Ó dá aṣọ akọrin padà fún wọn. Wọ́n wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wọ́n ní ó ń mú àwọn làágùn, wọ́n padà sí ìjókòó iwájú. Ibẹ̀ ni wọ́n wà di bí mo ṣe ń wí yìí.

Ẹ̀rọ ò kúrò nílẹ̀ o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá mi ní kí n bá wọn fi ohùn áńgẹ́lì kí àbúrò wọn tó ń gbé ní ìlú Ara. A gbà á sílẹ̀, a fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé ẹ ti kú ni?" Ẹkún ló ń sun. "Gbogbo ilé ti pé jọ síbí!"

"N ò kú. Mo ní kí n kí ọ ni."

"Alààyè kan ò gbọdọ̀ dún báyẹn! Ẹ kọrin kí n gbọ́, kí ọkàn mi lè balẹ̀."

Ìyá mi gbé fóònù súnmọ́ ẹnu, wọ́n kọrin sí i. Mo gbọ́ bí ẹkún tó wà ní Ara ṣe ń di ẹ̀rín díẹ̀díẹ̀, tí ẹnì kan sì ń bẹ̀ wọ́n pé ó ti tó, ó ti tó, Màmá, a ti gbà. Wọn ò gbọ́. Wọ́n ń bá a lọ títí káàdì fi tán lórí fóònù àbúrò wọn.