Ojú Dígí ní Àsìkò Ọyẹ́

Ọyẹ́ ni ọ̀gá tó kọ́kọ́ nà mí nídìí iṣẹ́ ojú kíkùn. Kí n tó mọ orúkọ ohun tó wà nínú àpótí ẹni tó ń kọ́ mi níṣẹ́ tán, mo ti gbà pé mo mọ gbogbo rẹ̀, nítorí mo ní fóònù, mo sì ń wo àwọn ọmọge tó ń kun ojú wọn lórí rẹ̀ láti àwọn ìlú tí n kò lè tọ́ka sí. Ọdún tí rúùjù gbígbẹ gbòde, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fi kun ètè tí kì í dán rárá, mo kun tèmi láàárín ọyẹ́, mo gun sémì, alùpùpù akérò wa, láti Totsi lọ sí Adidogomé. Nígbà tí mo fi máa sọ̀ kalẹ̀, ètè mi ti sán pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ bí ilẹ̀ àkùrọ̀ tí omi gbẹ lójú rẹ̀. Ọlọ́kadà náà wò mí, ó ní, "Dáví," bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí níbí, "ṣé ẹ̀kọ gbígbóná lẹ jẹ ni?" Mo bínú sí i di ìrọ̀lẹ́, bí ẹni pé òun ló mú ọyẹ́ wá sí Lomé.

Ọjà ló gbé àwọn òbí mi dé ìlú yìí láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kí wọ́n tó bí mi. Yorùbá là ń sọ nílé, Faransé nílé ìwé, Mina lójú títì. Nígbà tí mo jáde ilé ìwé, ìyá mi fẹ́ kí n jókòó ti òun nídìí aṣọ títà, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn wù mí ju aṣọ lọ. Wọ́n bá mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Totsi, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Kò ga, kì í rìn jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń tutù lára ènìyàn bí omi àmù. Bó bá ti gbé ìka lé àgbọ̀n oníbàárà, onítọ̀hún á mí kanlẹ̀, á di ojú, á fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ kí ọwọ́ mi dà bí ọwọ́ rẹ̀.

Òun ló kọ́ mi pé kì í ṣe gbogbo ohun tó bá gbòde ló bá gbogbo ìgbà mu. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, a ó kọ́kọ́ fi ìpara pa ojú, a ó dúró kó wọ ara, lẹ́yìn náà ni a ó wá fi àtíkè díẹ̀ tẹ iwájú orí àti imú nìkan. À ń tẹ̀ ẹ́ ni, a kì í ra á. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, tìróò kò gbọ́dọ̀ kọjá ìpéǹpéjú òkè, nítorí tìsàlẹ̀ yóò ṣàn bí omijé ẹni tí kò sunkún. Nígbà ooru, àtíkè gbọ́dọ̀ fúyẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òógùn yóò pò ó bí ẹ̀bà. Lọ́dún kan wọ́n ní kí irun òkè ojú nípọn, lọ́dún kejì wọ́n ní kó tínrín. Ìgbà kan wọ́n ń fi pupa sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìgbà mìíràn wọ́n gbé pupa yẹn gòkè dé abẹ́ ojú, bí ẹni tí oòrùn pa. Ọ̀gá mi máa ń gba gbogbo rẹ̀ wọlé, á sì rọra bu díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. "Bí ojú bá ń sọ̀rọ̀," ló máa ń wí, "jẹ́ kí ẹnu sinmi."

Ọdún tó yẹ kí n gba ìyọ̀ǹda ni àṣà ojú dígí dé. Wọ́n ní kí ojú máa dán bí dígí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, kí àbàwọ́n kankan má sí níbẹ̀, kí ihò kékeré ara pàápàá má hàn. Ọyẹ́ ni wọ́n sì mú un dé bá wa, ìgbà tí eruku ń bà lé orí gbogbo nǹkan, tí awọ ẹsẹ̀ ọmọdé ń funfun. Ọ̀nà wà tí a fi ń ṣe é láìfara pa: ìpara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ léra wọn, sùúrù, òróró kín-ún lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sùúrù? Àwọn oníbàárà ń béèrè ọ̀nà àbùjá, ọ̀gá mi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ ìgò kékeré kan tí kò ní àkọlé nínú àpò ọwọ́ rẹ̀, ó ń tà á fún àwọn tó bá fẹ́. Ó ní omi tó ń ká awọ tó ti kú kúrò lójú ni. Mo bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Búrọ́ọ̀ṣì ni mo ní kí o fọ̀." Mo fọ búrọ́ọ̀ṣì.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí ìyọ̀ǹda jẹ́. Ní Lomé níbí, ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá tú sílẹ̀ níṣojú àwọn ènìyàn, bí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rí ló rí. Lọ́jọ́ ìtúsílẹ̀, á wọ aṣọ funfun, wọ́n á da àtíkè lé e lórí, àwọn ẹbí á máa jó yí i ká. Ìyá mi ti rán aṣọ tèmi. Ó so ó kọ́ sára ògiri yàrá, a sì jọ máa ń wò ó bí a bá fẹ́ sùn.

Láàárín ọyẹ́ yẹn, ọ̀gá mi gba iṣẹ́ ìyàwó méjì pọ̀ lọ́jọ́ kan. Òun lọ sí Ablogamé, lápá ìlà oòrùn ìlú, ó rán èmi nìkan lọ sí Adidogomé, sí ilé ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Assiyéyé. Ọmọbìnrin ìyá náà ni wọ́n fẹ́ so yìgì rẹ̀ fún tíṣà kan, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́ Ifẹ̀ tó wà lórílẹ̀-èdè yìí, láti ìhà Atakpamé. Mùsùlùmí ni ìdílé méjèèjì, èdè wọn sì sún mọ́ra, ṣùgbọ́n a ti gbọ́ ọ kiri ọjà pé ẹ̀gbọ́n ọkọ, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, kò fẹ́ ọmọ ọlọ́jà. Ó ní àwọn ọmọ ọjà a máa bó ara wọn. Gbogbo ìyẹn kò kàn mí lójú ọ̀nà. Mo jókòó sẹ́yìn sémì, mo gbá àpótí mọ́ra, mo ń mira bí ẹni pé wọ́n ti da àtíkè lé mi lórí.

Ilé ti kún nígbà tí mo dé. Àlùbọ́sà ń ta nínú òróró lágbàlá, àwọn ọkùnrin ń so àtíbàbà níta. Ìyá ìyàwó mú mi dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ó ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé títí wàá fi dé. Ojú ń tì í." Mo wọlé. Ìyàwó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìborùn bo ojú pátápátá. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló ṣí i.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó. Ibi tí awọ ti ṣí pọ́n, ó ń dán, omi tẹ́ẹ́rẹ́ ń yọ lára rẹ̀; etí egbò náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kùránì rẹ̀, mo rí ìgò kékeré tí kò ní àkọlé.

"Ọ̀gá yín ní kí n fi í sílẹ̀ lójú títí yóò fi máa ta mí," ló sọ, kò gbé ohùn sókè. "Àǹtí, ẹ bá mi bò ó. Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bá rí èyí, kí ni mo fẹ́ sọ?"

Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù, mo sì sọ ohun tí mo rí. Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá. "Lo èyí tó nípọn jù lọ nínú àpótí. Bò ó. Ìborùn á bo ìyókù." Mo ní, "Ọ̀gá, omi ń yọ níbẹ̀." Ó ní, "Gbọ́ mi dáadáa. Bí ìyá rẹ̀ bá gbọ́ nípa ìgò yẹn, kí ìyá tìrẹ lọ ká aṣọ funfun yẹn kúrò lára ògiri." Ó gé fóònù.

Adìyẹ bà lókùn. Mo jẹ́wọ́ pé mo ṣí àtíkè nípọn yẹn, mo sì ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́. Níta, ìyá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn: "Ṣé ẹ ti ń parí? Wọ́n ní àwọn ará ọkọ ti wọ ìlú." Ìyàwó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ ṣe é." Mo fi orí búrọ́ọ̀ṣì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, bí ẹni ń kan ìyẹ́ adìyẹ. Kò pariwo. Ó kàn fa èémí sínú, kò sì mí í jáde mọ́. Nígbà tí mo gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò, awọ fẹ́lẹ́ kan bá a wá.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, mo lọ ṣí ilẹ̀kùn.

"Ẹ ti pa mí!" ni ìyàwó wí lẹ́yìn mi. Ìyá rẹ̀ wọlé, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú síbẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ìgò, ó wò mí. "Ta ló fún un?" Mo ní, "Ọ̀gá mi ni, Màmá." Mo rò pé yóò gbá mi létí. Dípò bẹ́ẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀, ìyá tó ń ta aṣọ fún ìdajì ìlú, ó gbá orúnkún rẹ̀ mú, ó ní, "Kí ló dé tí o kò pè mí?"

A gba ẹ̀yìnkùlé mú un lọ sí fámásì tó wà lẹ́bàá títì. Obìnrin tó wà níbẹ̀ wò ó, ó ní ká dúpẹ́ pé kò kan ẹyin ojú. Ó fi omi tútù fọ̀ ọ́ fún ìgbà pípẹ́, ó fún wa ní ìpara tí kò ní òórùn, ó sì kìlọ̀ ní Faransé àti Mina pé àtíkè kò gbọ́dọ̀ kàn án, oòrùn kò gbọ́dọ̀ pa á, ká sì gbé e lọ sí ọsibítù bó bá ti wú.

Nígbà tí a padà dé, ọkọ̀ àwọn ará Atakpamé ti wà lẹ́nu ọ̀nà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yàrá ni ẹ̀gbọ́n ọkọ ti ilẹ̀kùn wọlé, kò kan án. Ó ga, ó fi awò sójú, àtíkè ojú rẹ̀ ti sán nínú ọyẹ́ ojú ọ̀nà. Ó wo ìyàwó láti òkè délẹ̀. "Bọ̀ńjúù," ló fi Faransé kí wa. Lẹ́yìn náà: "Ṣé ohun tí mo sọ náà nìyẹn? O ti ń bó ara?"

Ìyá ìyàwó la ẹnu. Ọmọ rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè dá a dúró. "Rárá, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ẹ̀rù yín ló ń bà mí. Mo fẹ́ kí ojú mi mọ́ débi tí ẹ kò ní rí ohun tí ẹ máa sọ."

Obìnrin náà yí padà, ó jáde. Láti ojú fèrèsé, a gbọ́ ohùn rẹ̀ àti ti àbúrò rẹ̀, ọkọ ìyàwó, ní Faransé, kíákíá, nísàlẹ̀ ọ̀fun. Kò sí èyí tó yé wa yékéyéké. Àwọn tó ń so àtíbàbà fi okùn sílẹ̀. Ìyá ìyàwó ń fa tẹ̀súbáà, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ń dún. Mo gbé tìróò sọ́wọ́, n kò mọ̀ bóyá kí n lò ó tàbí kí n dá a padà sínú àpótí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ dúró níbẹ̀, ojú rẹ̀ kò tú ká. "Àbúrò mi ní kí wọ́n kó àga wọ pálọ̀," ló wí. "Ó ní oòrùn ìta kò dára fún un." Ó mú abẹ̀bẹ̀ kan lórí àga, ó jókòó ti ìyàwó, ó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ ojú rẹ̀. Ó bojú wò mí. "Ìwọ, kí lò ń dúró wò? Ṣe ojú rẹ̀."

Mo ṣe é. Tìróò tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ìpéǹpéjú, òróró àti rúùjù aláwọ̀ obì díẹ̀ sétè. N kò fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n so yìgì nínú pálọ̀ tó gbóná bí ààrò, ẹ̀gbọ́n ọkọ kò sì sọ abẹ̀bẹ̀ kalẹ̀ títí àdúrà fi parí. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín lẹ́yìn náà ni pé ìpara fámásì dán nínú fọ́tò. Àwọn ọmọge rí i lórí fóònù, wọ́n ń béèrè kiri Adidogomé pé ta ló ṣe ojú dígí tó dára tó báyẹn fún ìyàwó.

Ojú rẹ̀ jinná, àmì kékeré kan ló kù lápá òsì. Ìyá rẹ̀ lọ sí Totsi. Wọ́n ní kò pariwo, ó kàn dúró títí ọ̀gá mi fi da gbogbo ìgò tó kù sínú kòtò omi. Èmi bá aṣọ iṣẹ́ mi níta ṣọ́ọ̀bù, ó ti lé mi nìyẹn. Ìyá mi ká aṣọ funfun, kò sì bá mi wí. Mo tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin mìíràn, mo ń gbálẹ̀, mo ń fọ búrọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo dàgbà jù. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo kábàámọ̀ pé mo ṣí ilẹ̀kùn yẹn. N kò ní purọ́.

Nísinsìnyí mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi. Láìpẹ́ yìí, mo ń ra ọsàn lẹ́bàá títì ní Totsi, mo sì rí ọ̀gá mi àtijọ́. Ó ti darúgbó díẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, kò yí ojú kúrò. Ó wo ọsàn ọwọ́ mi, ó ní, "Kí ló gbòde báyìí?" Mo ní ètè dídán ni, tí wọ́n ń fi ìlà dúdú yí ká. Ó ní, "Nínú òjò yìí? Kò ní ṣàn?" Mo ṣàlàyé fún un bí a ṣe ń fi àtíkè tẹ ìlà náà kí òróró tó tẹ̀ lé e. Ó tẹ́tí gbọ́, ó mi orí bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbá mi lápá pẹ́, ó sì ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, kíákíá bíi ti tẹ́lẹ̀. N kò mọ ohun tí à ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bóyá ìdáríjì ni tàbí àárẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kàn lápá mi tutù títí mo fi délé.